Bí mo ṣe sọ gbọ̀ngàn sinimá àtijọ́ di ilé tí ọmọdé lè gbé

Nígbà tí fídíò lé àwọn ilé sinimá kógbá wọlé, ọ̀pọ̀ wọn di ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìkẹ́rùsí. Èyí tí mo ṣe ní Ìbàdàn, tọkọtaya kan fẹ́ máa gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn ni. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ló gba làákàyè jù. Ilẹ̀ sinimá máa ń dà gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀yìn lọ síwájú, kí orí ẹni tó wà níwájú má baà dí ẹni ẹ̀yìn lójú. Ibùsùn kò ṣe é tẹ́ síbẹ̀.

A kọ́kọ́ fi faìlìn, ẹ̀rọ tó ń gé irin, gé gbogbo bóòtù tó de àga mọ́ ilẹ̀, kó bá ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ má fi òòlù tu wọ́n o: kọnkéré àyíká wọn á sán, ọ̀rinrin á sì gba ibẹ̀ gòkè. Rọ́bà omi ni mo fi wọn bí ilẹ̀ ṣe dà tó, rọ́bà tí wọ́n rọ omi sí, tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ ibi tó dọ́gba. Gígùn ilẹ̀ náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, ìbú rẹ̀ 30. Iwájú fi ẹsẹ̀ bàtà 4 rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ.

Bíríkìlà ní ká kún gbogbo rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mi ò gbà. Ìyẹn á jẹ yẹ̀pẹ̀ tó tó kúbíìkì mítà 100, gbogbo rẹ̀ á sì máa ti ògiri iwájú, tí wọn ò kọ́ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Mo pín ilẹ̀ náà sí ìpele mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà 20 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fi ínṣì 16 ga ju èkejì lọ. Kúbíìkì mítà 34 péré ló gbà.

Etí ìpele kọ̀ọ̀kan, búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 ni mo tò síbẹ̀, mo sì rọ kọnkéré kún ihò wọn. Kí a tó da yẹ̀pẹ̀ sí ìpele ìsàlẹ̀, a lu ògiri iwájú, a ki páìpù onínṣì 4 sí i, nítorí gbogbo omi tó bá wọlé, ibẹ̀ ló ń dágún sí. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni a dà, ínṣì 6 lẹ́ẹ̀kan. A bu omi wọ́n ọn, a gún un, ká tó da òmíràn. Ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀ á rì láàárín òjò méjì, táìsì á sì fọ́.

Lórí rẹ̀, a tẹ́ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó nípọn, lẹ́yìn náà kọnkéré ínṣì 4: àpò sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn bárò kan, òkúta wẹ́wẹ́ bárò méjì. Àwọn kan á da iyanrìn bárò méjì àti òkúta mẹ́rin sí àpò kan. Ìdajì agbára rẹ̀ nìyẹn. A ń bu omi rin ín fún ọjọ́ 7.

Àtẹ̀gùn méjì tó ga ní ínṣì 8 ì bá tó láàárín ìpele kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ kékeré kò ká a. Mẹ́ta ni mo ṣe, pẹ̀lú irin ìdìmú méjì, ọ̀kan rẹlẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ògiri sinimá kì í ní fèrèsé. Àárín òpó sí òpó nìkan ni mo ti lu ú. Mo kọ́kọ́ gbẹ́ àyè lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn igi kọnkéré tó ń gbé ògiri orí fèrèsé dúró, mo gbé e wọlé kó jẹ ínṣì 9 lọ́tùn-ún lósì, mo dúró di ọjọ́ 7, kí n tó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Sílíìnì ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, a kò fi ayùn kàn án: a wọ́n omi sí i, a tú u ní odidi, a fi ọ̀rá wé e. Ekuru rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, a ò sì jẹ́ kí ọmọ kankan wọlé títí a fi nu gbogbo ilẹ̀ pẹ̀lú àkísà tútù.

Yàrá ẹ̀rọ tó ń tan fíìmù, èyí tó wà lókè lẹ́yìn, ògiri rẹ̀ nípọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin, nítorí fíìmù ayé àtijọ́ máa ń gbaná bí ẹ̀tù. Yàrá ìkàwé ọmọ ló dà. Bíríkìlà fẹ́ dí àwọn ihò kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde. Gíláàsì ni mo fi sí wọn, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè máa rí ọmọ tó wà lókè.