Bí mo ṣe tún ògiri ilé agogo ìjọ wa ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́

Sìmẹ́ńtì ló ń pa ilé agogo wa. Bíríkìlà ni mí, sìmẹ́ńtì ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Lóṣù Kejìlá tí mo gun àkàbà, mo fi èékánná ha ọ̀kan nínú àwọn yangí ibẹ̀, ńṣe ló ń dà sí mi lọ́wọ́ bíi gààrí. Sìmẹ́ńtì tó yí i ká dúró gbagidi ní tirẹ̀. Òkúta àárín ti jẹ wọnú tó ìka méjì.

Yangí a máa mu omi òjò. Láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń sun láti ara òkúta ẹfun, àti yanrìn ni àwọn tó kọ́ ọ fi dí àlàfo òkúta, ó rọ̀ ju òkúta lọ, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Àwọn tó tún un ṣe kẹ́yìn wá fi sìmẹ́ńtì dí i pa. Omi ò rọ́nà mọ́ àfi ojú òkúta, iyọ̀ inú rẹ̀ ń gbẹ síbẹ̀, ó sì ń fọ́ ọ.

Nígbà tí mo ní láìmù la ó fi rọ́pò sìmẹ́ńtì, díákónì àgbà kan bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ohun tó rọ̀ lo fẹ́ fi gbé ilé Ọlọ́run ró?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Òkúta ló gbé e ró. Bí láìmù bá jẹ, a ó fi òmíràn dí i. Òkúta ńkọ́?"

Mo fi ohun tí mo bá lẹ́yìn sìmẹ́ńtì hàn wọ́n: láìmù àtijọ́, tó ní hóró funfun bí ọkà bàbà nínú. Wọ́n fọwọ́ pa á títí, wọ́n ní, "Ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é."

Òòlù kékeré àti ṣísẹ́ẹ̀lì ni mo fi yọ sìmẹ́ńtì náà. Mi ò gbà kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gé òkúta wá, torí kì í mọ ibi tí sìmẹ́ńtì pin sí. Igi ọ̀dán tó hù lókè, mo gé e ni, mi ò fà á tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú ògiri. Láìmù ìwọ̀n kan sí yanrìn mẹ́ta ni mo pò. Mo kọ́kọ́ wọ́n omi sí òkúta, mo wá ń tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọyẹ́ ló fún wa níṣẹ́ jù: bí láìmù bá tètè gbẹ, ìyẹ̀fun ni yóò dà. A fi àpò tútù bo ògiri, à ń wọ́nmi sí i láàárọ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Láti 1855 ni iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi ti wà nílùú yìí. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ògiri òkúta àwọn baba wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ jẹ̀lẹ́ńkẹ́ mú un.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, mo padà lọ wò ó. Ojú láìmù ṣì tutù, ó dúdú díẹ̀. Yangí ti gbẹ, kò sí iyọ̀ funfun kankan lára rẹ̀.