Bí orúkọ ẹni tó ṣe àyípadà ṣe padà sínú ìròyìn àyẹ̀wò nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ìròyìn wa ń fi ọjọ́ àti wákàtí àyípadà kọ̀ọ̀kan tó bá ráútà hàn, àmọ́ òfìfo ni àyè orúkọ ẹni tó ṣe é. Inú syslog, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ráútà máa ń fi ránṣẹ́ síta, ló yẹ kí ìròyìn náà ti kà á, nínú ìlà %SYS-5-CONFIG_I tí Cisco IOS, sọ́fítíwia tó ń darí ráútà, máa ń kọ tí ẹnì kan bá ṣe àyípadà.

"logging trap warnings" ni mo kọ́kọ́ bá lórí ráútà; àṣẹ yìí ló ń sọ ìpele tí ìlà syslog ò gbọdọ̀ kọjá kó tó lè jáde. Ìpele 4 nìyẹn, ìpele 5 sì ni ìlà tí à ń wá, torí náà kì í kúrò nínú ráútà rárá. Mo yí i sí "logging trap notifications". Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, síbẹ̀ "by vty0" nìkan ló ń kọ, ìyẹn ojú ọ̀nà tí èèyàn gbà wọlé sórí ráútà láti òkèèrè, kì í ṣe orúkọ ẹni náà!

Ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò lórí vty. Ta ni ráútà fẹ́ dá mọ̀ nínú wa? Lójú tèmi, gbòǹgbò àrùn nìyí. Mo dá àkáǹtì sílẹ̀ fún oníkálukú, lẹ́yìn náà ni mo tẹ "aaa new-model" àti "aaa authentication login default local", kí ráútà lè máa fi àkáǹtì tó wà lórí rẹ̀ dá ẹni tó ń wọlé mọ̀. Ẹ má ṣe jáde kúrò níbi tí ẹ ti wọlé títí ẹ ó fi dán an wò láti ibòmíràn o, kó má lọ tì yín síta.

Orúkọ ti ń hàn báyìí. Ti àtẹ̀yìnwá ò lè padà wá, ráútà ò kọ ọ́ síbì kankan.