Ẹ tú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yín wò kí ẹ tó ra káàdì géèmù

Ọdún mẹ́fà ni Dell OptiPlex 7010 kan fi bá mi tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Nígbà tí mo ra òmíràn, mo gbé e sábẹ́ tábìlì, mo da aṣọ bò ó. Ibẹ̀ ni àbíkẹ́yìn mi ti rí i. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n máa fi èyí gbá géèmù." Ilé géèmù tó máa ń lọ, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó tibẹ̀ dé, n kì í sì í lè sùn títí yóò fi wọlé. Mo ní ó dáa, a óò tún un ṣe, kó máa gbá a lójú mi.

Owó tí mo fi ṣòfò lórí rẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn fi ṣòfò. Gbogbo èèyàn ló máa ń sáré lọ ra graphics card, káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù sójú mọ́nítọ̀. Èmi náà sáré rà á. Mi ò tíì ṣí kọ̀ǹpútà náà wò rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lè tán. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Iná tó máa ń ta wá lára tí a bá ń bọ́ aṣọ nínú ọyẹ́, òun kan náà ló lè ba RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà, jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Eruku pupa ni mo bá nínú tèmi. Ọ̀nà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kò ní ọ̀dà, gbogbo ọ̀kadà tó bá kọjá ló ń bu tirẹ̀ wọlé. Ó ti dì bíi òwú mọ́ irin tó ń fa ooru kúrò lórí prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tó rọ̀, tí kò tíì kan ọ̀dà rí, ni kí ẹ fi gbá a, níta. Ẹ fi ìka di fáànù mú kó má baà yí bí ẹ ṣe ń gbá a. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ máa ń tẹ̀ lé atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ tú irin ooru yẹn, ìdè mẹ́rin ló ní. Ẹ dẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀ láti igun kan sí igun tó kọjú sí i. Thermal paste, ọ̀rá tó ń gbé ooru láti ara prósẹ́sọ̀ lọ sí irin yẹn, tó wà lábẹ́ tèmi ti gbẹ bí ẹfun. Mo fi òwú àti sípíríìtì nù ún, mo fi tuntun tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sáàárín. Iṣẹ́ yìí nìkan mú kí ariwo fáànù lọ sílẹ̀ kí n tó ra ẹyọ nǹkan kan.

Wàyí o, ẹ wá páwà páàkì, àpótí irin tí wáyà iná wọ̀. Ìwé kan lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ kà á. Iye wáàtì tó wà níbẹ̀ ló máa sọ irú káàdì tí ẹ lè rà. 275 W ló wà lára tèmi. Prósẹ́sọ̀ i5-3470 tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ tó 77 W. Ihò gígùn tí a ń ki káàdì sí, tí wọ́n ń pè ní PCIe x16, lè fún káàdì ní 75 W, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi bíi 50 W kún un fún motherboard (pátákó tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ so mọ́), RAM, díìsìkì àti fáànù. Gbogbo rẹ̀ á lé díẹ̀ ní 200 W. Nítorí náà, káàdì tó bá jẹ́ pé inú ihò yẹn nìkan ló ti ń gba iná, 275 W gbé e láìṣe wàhálà. Nvidia GTX 750 Ti wà nínú irú wọn, 60 W ni. GTX 1050 Ti tí wọ́n gbé jáde ní 2016 jẹ́ 75 W, ó sì ní ìrántí 4 GB tirẹ̀. GTX 1650 ti 2019 náà jẹ́ 75 W.

Àmọ́ ẹ dúró, ibí gan-an ni mo ti ṣubú. Kì í ṣe gbogbo 1050 Ti tàbí 1650 ló rí bákan náà. Àwọn tó ń ṣe wọ́n máa ń fi ihò kékeré oníwáyà mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ àwọn kan, èyí tó gbọ́dọ̀ gba iná tààrà láti ara páwà páàkì. Irú rẹ̀ ni mo rà. Páwà páàkì OptiPlex mi kò ní wáyà yẹn rárá. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, kò gbà á padà. Wáyà àsopọ̀ kan ló fún mi, pé kí n fi ẹnu kan sí wáyà iná háàdì díìsìkì, kí n fi ẹnu kejì sí káàdì. Mo dúpẹ́ pé mo béèrè kí n tó dán an wò. Wáyà iná háàdì díìsìkì yẹn, tí wọ́n ń pè ní SATA, 54 W ni agbára rẹ̀ lórí iná 12 V. Káàdì sì lè fa 75 W gba ihò kékeré yẹn. Ṣe ni ẹnu wáyà náà á yọ́, ó sì lè gbaná. Ẹnikẹ́ni tó bá fún yín nírú rẹ̀, ẹ má fi sí i. Mo ta káàdì yẹn ní ẹ̀dínwó, mo wá ra èyí tí kò ní ihò.

Tí àpótí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ pẹlẹbẹ kékeré, káàdì gíga kò ní wọ̀ ọ́. Low profile ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì rí i pé irin ẹ̀yìn rẹ̀ tó kúrú wà nínú páálí. Tí ẹ bá sì ń rò ó láti pààrọ̀ páwà páàkì sí èyí tó lágbára, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀. 7010 tó jẹ́ tower gíga ń lo ẹnu oníhò 24 tí gbogbo ayé ń lò. OptiPlex 9020 tó tẹ̀ lé e ń lo oníhò 8 tó jẹ́ ti Dell nìkan, HP EliteDesk 800 G1 sì ń lo oníhò 6 tirẹ̀. Èyí tí ẹ bá rà lọ́jà kò ní bá wọn mu láìsí wáyà àsopọ̀ tó yẹ.

Káàdì ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á mú káàdì tó ti gbó, wọ́n á yí ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ padà kó lè máa pe ara rẹ̀ ní 1050 Ti. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: 1050 Ti gidi máa ń ní ihò HDMI, DisplayPort àti DVI tí a ń ki wáyà mọ́nítọ̀ sí. Tí ẹ bá rí ihò VGA aláwọ̀ búlúù lára rẹ̀, ẹ fura. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà kì í sínú kọ̀ǹpútà kan, kó ṣí GPU-Z, ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń sọ irú káàdì tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, láti 2018 ló sì ti ń kọ "FAKE" síwájú orúkọ ayédèrú tó bá dá mọ̀. Olùtajà tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ VGA yẹn kan mọ́nítọ̀ yín náà. Mọ́nítọ̀ àtijọ́ tèmi, VGA nìkan ló ní. Mo ní láti ra àyípadà HDMI sí VGA, èyí tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú, kì í ṣe wáyà lásán. Ẹ sì rí i pé ara káàdì tuntun ni ẹ ki wáyà mọ́nítọ̀ sí. Ọmọ mi ki tirẹ̀ sí ihò àtijọ́ lára motherboard, ó wá ń ké pé káàdì kò ṣiṣẹ́.

RAM kò le. Irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3, ti desktop, ni 7010 ń lò. DDR4 kò ní wọlé, ti laptop náà kò ní wọlé. Ẹyọ 4 GB kan ṣoṣo ló wà nínú tèmi. Ẹ ra méjì tó dọ́gba, 4 GB méjì tàbí 8 GB méjì, kí ẹ má ra ẹyọ ńlá kan, torí prósẹ́sọ̀ máa ń ka méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń hàn nínú géèmù. Èmi ra 8 GB méjì.

SSD, díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, kò ní mú kí eré inú géèmù yá sí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Àmọ́ gbogbo ìdúró ló máa ń gé kúrú. Háàdì díìsìkì tó ń yí lè ka bíi 100 sí 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD SATA lè ka tó 500. Ihò SATA0 tàbí SATA1 ni kí ẹ ki í sí, àwọn méjèèjì ló yára jù lórí motherboard yìí. Mo fi háàdì díìsìkì 500 GB àtijọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún fíìmù àti fọ́tò.

Prósẹ́sọ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ ná. i7-3770 bá ihò kan náà mu, 77 W kan náà ló ń jẹ, ẹ lè rà á lọ́jọ́ iwájú tí owó bá wà. GTA V tí ọmọ mi ń wá, tó dé orí kọ̀ǹpútà ní 2015, i5-3470 gan-an ni àwọn tó ṣe é dárúkọ pé ó dára fún un, pẹ̀lú 8 GB RAM. Àwọn géèmù tuntun kan wà tó ń béèrè irú àṣẹ ìṣírò inú prósẹ́sọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní AVX2, prósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹta kò sì ní in. Ìran kẹrin ti 2013 ló kọ́kọ́ ní in. Kò sí káàdì tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ ka ohun tí géèmù ń béèrè kí ẹ tó rà á.

Windows 7 ló wà nínú tèmi, Steam, ibi tí a ti ń ra géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sì ti pa á tì láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, Windows 11 kò sì gba prósẹ́sọ̀ yìí ní ọ̀nà tó bófin mu. Mo fi Windows 10 sí i fún géèmù nìkan, mo sì kìlọ̀ fún ọmọ mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi í wọ báńkì. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi dípò Windows, náà dára, Steam ń gbé ọ̀pọ̀ géèmù Windows lórí rẹ̀, àmọ́ àwọn géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan kì í gbà. Tí déètì kọ̀ǹpútà yín bá ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ iná, bátìrì CR2032 tó rí bí owó ẹyọ ni kí ẹ pààrọ̀. Tí déètì bá ti ṣì, íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá kò ní ṣí dáadáa.

Géèmù tó lé ní 70 GB, dátà ta ni ó máa gbé e? Ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan ní Ìsánlú ti ní tirẹ̀. Ọmọ mi ra géèmù náà sórí orúkọ ara rẹ̀ lórí Steam, ó wá fi háàdì díìsìkì alágbèéká da fódà géèmù náà kọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú steamapps, sábẹ́ common. Nígbà tó tẹ Install, Steam yẹ fáìlì wò, ìwọ̀nba tó kù ló gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó wá ku iná. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń pa kọ̀ǹpútà níbí ju géèmù lọ. Ẹ ra UPS, àpótí bátìrì tó máa ń gbé kọ̀ǹpútà tí iná bá lọ. Kò ní gbé géèmù fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n á fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti pa á dáadáa. Ẹ má sì so ó pọ̀ mọ́ wáyà kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tàbí laser printer. Tí àwọn yẹn bá fẹ́ gbóná, wọ́n á fa iná lójijì. Lẹ́ẹ̀mejì ni kọ̀ǹpútà ọmọ mi kú tó sì tún tan kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì mi ló ń ṣe é. Orí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lápá kejì ògiri ni mo gbé e lọ. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà mi, èmi á máa ṣírò owó ọjọ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó bá sì di aago mẹ́sàn-án, a ó jọ ti ilẹ̀kùn lọ sílé.