Bí A Ṣe Ń Múra Ọjọ́ Ẹ̀kọ́ Lórí Àìsàn Ẹ̀yà Ìtọ̀ Ọmọdé

Kí ọjọ́ tí onímọ̀ àlejò yóò wá kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó pé, ẹ yan ọ̀ràn mélòó kan tí ẹ ń bá pàdé léraléra, nítorí pé àlejò tí a bá ní kó sọ̀rọ̀ lórí ohun gbogbo kì í ráyè ṣàlàyé ìkankan yanjú. Ẹ fi àkọsílẹ̀ àti àwòrán àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí i ṣáájú, lẹ́yìn tí òbí bá ti fọwọ́ sí i, kí ẹ sì yọ orúkọ ọmọ kúrò.

Ẹ ya òwúrọ̀ sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò ara. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọkùnrin tí ojú ihò ìtọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ okó: a kò gbọdọ̀ dá abẹ́ fún un, nítorí pé oníṣẹ́ abẹ lè nílò awọ yẹn láti fi tún ọ̀nà ìtọ̀ ṣe, iṣẹ́ tí a sábà máa ń ṣe nígbà tí ọmọ bá wà láàárín ọmọ oṣù 6 sí 18. Kórópọ̀n tí kò bá tíì sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ọmọ pé oṣù 6 yẹ kó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Kórópọ̀n tó bá lọ́ yípo kò gba ìdúró rárá, torí pé ìrètí àtigbà á là ń dín kù gan-an lẹ́yìn wákàtí 6.

Ní ọ̀sán, ẹ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Lójú tèmi, oníṣẹ́ abẹ onílé ni kó mú ọ̀bẹ, kí àlejò dúró tì í. Kí àlejò tó lọ, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa tọ́jú ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.