Bí mo ṣe tọ ipasẹ̀ áàtì àti ọ́ìlì tó ń jò lára Píjò 504 bàámi

Píjò 504 tí bàámi fi sílẹ̀ fún mi ti lé ní ogójì ọdún. Kàdúná ni wọ́n ti tò ó, ní iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò jáde ní 1975. Òun ló ń gbé wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mi ò ní jẹ́ kí àwọn onírin gbé e lọ.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni wàhálà dé. Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, á kàn dún “kẹ́”, á sì dákẹ́. Iná iwájú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Tí mo bá tan tráfíkétọ̀, iná ẹ̀yìn tó kù a máa ṣẹ́jú tẹ̀ lé e. Ibikíbi tí mo bá sì páàkì sí, ọ́ìlì dúdú á kán sílẹ̀, á fẹ̀ tó àkàrà.

Ẹnì kan ní bátìrì ló kú. Mo ra tuntun, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó tún dún “kẹ́”. Mẹkáníìkì kan ní síìlì ẹ̀yìn kráńkì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ló ń jò, pé kí a já gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀. Owó bátìrì yẹn ṣì ń dùn mí, ni mo bá lọ bá bàbá rìwáyà kan, oníṣẹ́ iná mọ́tò, ní Sábó, tó ti ń tún 504 ṣe kí n tó dáyé. Mo kí wọn, mo rojọ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bátìrì ò ṣẹ̀ ọ́. Ọ̀nà tí iná ń gbà jáde ni gbogbo yín ń wò. Èyí tó ń gbà padà ńkọ́?”

Ọ̀nà àbọ̀ yẹn là ń pè ní áàtì. Iná á gba wáyà jáde láti orí pọ́sítíìfù, á ṣiṣẹ́ tán, á sì gba ara ẹ́ńjìnì àti bọ́dì padà sí nẹ́gẹ́tíìfù. Tí ìpẹtà, ọ̀dà tàbí ọ́ìlì bá dí i, iná ò ní rọ́nà padà dáadáa, bó ti wù kí bátìrì lágbára tó.

Bàbá yá mi ní mítà. Mo yọ wáyà kọ́ìlì kí ẹ́ńjìnì má baà jí, mo fi ẹnu dúdú mítà kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì gan-an, mo fi pupa kan irin ẹ́ńjìnì, àbúrò mi sì yí kọ́kọ́rọ́. Iná tó ń sọnù lọ́nà àbọ̀ yìí yẹ kó má ju bíi 0.5 fólítì lọ, ṣùgbọ́n 2.6 ni mo rí! Mo gbé ẹnu pupa sára bọ́dì, àbúrò mi tún yí i: 0.1. Ìyẹn ni pé láti bọ́dì dé bátìrì kò ní àbùkù, àárín ẹ́ńjìnì àti bọ́dì ni ọ̀nà ti dí. Bàbá ní kí n fọwọ́ kan wáyà ṣóòkì, okùn irin tó ti iwájú dírẹ́bà lọ sára kabúrétọ̀. Ó gbóná! Iná tí kò rọ́nà gbà ti ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀rù bà mí gidi, torí irú rẹ̀ lè dáná sun mọ́tò.

Mo tú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì kúrò kí n tó wọ abẹ́ mọ́tò. Wáyà híhun tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì ti já ju ààbọ̀ lọ, ọ́ìlì àti iyanrìn sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo fi sánpépà ha ibi tó jókòó sí lójú méjèèjì títí irin fi ń dán, mo dè é le, lẹ́yìn náà ni mo fi gírísì bò ó lórí. Mo tún un wọ̀n: 0.2. Sítátà sì ké bíi tìgbà tí bàámi wà láyé. Ti iná ẹ̀yìn, sìkúrù áàtì kan tó dípẹtà nínú búùtù ni.

Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ló kọ́kọ́ ba wáyà yẹn jẹ́. Tí mi ò bá rí orísun rẹ̀, á tún ba tuntun jẹ́. Mo fi ọ̀rá bo kabúrétọ̀ àti dísíríbútọ̀, mo fi kẹrosín àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ́ńjìnì láti òkè délẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ, mo wá bu pọ́dà ọmọdé sí i lára. Mo wà á lọ sí Tákíè, mo padà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Ipa ọ́ìlì hàn kedere lórí pọ́dà funfun. Òkè ló ti wá, lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnì, ní igun ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnì 504 kì í dúró ṣánṣán, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀ yẹn sì ni ọ́ìlì ń tọ̀ wá sẹ́yìn, tó wá ń kán níbi tí ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé. Ẹni tó bá wò ó láti abẹ́ nìkan á fi síìlì kráńkì búra. À bá ti já gíábọ́ọ̀sì lásán.

Mo ṣí ìdérí náà. Gásíkẹ́ẹ̀tì kóòkì rẹ̀ ti le bí èèpo igi, ẹnì kan sì ti fi gọ́ọ̀mù rọ̀gbà yí i ká. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni rọ́bà tí ẹ́ńjìnì fi ń mí: ìdọ̀tí dúdú ti dí i pa. Èéfín inú ẹ́ńjìnì tí kò ríbi jáde á máa ti ọ́ìlì gba ibi tí kò bá lágbára jáde. Ká ní gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo pààrọ̀, kì bá pẹ́ kó tún jò. Mo fi kẹrosín àti wáyà tín-ín-rín gún un títí atẹ́gùn fi gbà á kọjá.

Gate ní Ìbàdàn ni wọ́n ti bá mi ra gásíkẹ́ẹ̀tì. Mo fi àkísà dí ojú ihò gbogbo, mo fi igi pẹlẹbẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò kó má baà já sínú ẹ́ńjìnì. Mo de nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, torí bí èèyàn bá fún kóòkì pọ̀ jù, á ya.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnì lálaalẹ́, mo sì ń yọ gééjì ọ́ìlì wò láàárọ̀. Páálí iwájú gbẹ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo tẹ́ òmíràn sẹ́yìn, mo bá ẹ̀kán kan lábẹ́ dífù, gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn. Mo fi ìka kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀: ó ta sánsán, ọ́ìlì gíà ni. Ní Sátidé tó ń bọ̀, mo máa fi kẹrosín fọ ibẹ̀, màá sì bu pọ́dà sí i.