Bí Ìdílé Kan ní Àkúrẹ́ Ṣe Lè Kọ Ohun tí Ìjọba Amúnisìn Gbà Lọ́wọ́ Rẹ̀ Sílẹ̀

Nígbà tí ilé aṣòfin Ìlú Ọba ṣe òfin tó tú ẹrú sílẹ̀ ní ọdún 1833, ogún mílíọ̀nù pọ́n-ún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún owó gbà-máà-bínú, àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n sì san án fún, nítorí pé wọ́n ní ìwé tí wọ́n ka àwọn ẹrú wọn sí. Àwọn tí wọ́n kó ṣiṣẹ́ kò gba kọ́bọ̀. Ọdún 2015 ni ìjọba Ìlú Ọba tó san gbèsè tí wọ́n jẹ lórí owó náà tán. Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ ìdílé tí wọ́n gba igbó wọn sínú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba amúnisìn fi òfin sọ di tirẹ̀, tàbí tí wọ́n ra kòkó wọn lówó pọ́ọ́kú, ní Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Oǹdó, pé kí wọ́n ní ìwé tiwọn.

Ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gba àṣẹ, torí pé ẹni tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kiri láìjẹ́ kí ilé mọ̀, ìfura ni yóò dá sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá jókòó ti àgbà, ẹ má ṣe bi í ní ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ní, "Ayé Adésídà ni," ṣùgbọ́n Déjì Afúnbíowó Adésídà Kìíní wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1897 di 1957. Ẹ tún bi í pé: ṣé ogun Hítílà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà? Ṣé ó ti ṣáájú ọdún tí ìwé ọ̀fẹ́ dé, èyí tí í ṣe 1955? Baba ta ló ń dáko níbẹ̀, odò wo ni ààlà, igi ìrókò ta ni wọ́n gé, ta ló sì gba owó rẹ̀? Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ka-èdè Àkúrẹ́ gan-an bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún 1915 tí ìjọba amúnisìn dá Ẹkùn Oǹdó (Ondo Province) sílẹ̀, Àkúrẹ́ ni olú-ìlú rẹ̀, ìwé àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì wà lábẹ́ àkọlé "Ondo Prof". Ẹ wá ìwé ẹ̀sùn tí àwọn ará ìlú kọ sí ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso fún ìjọba, ju ìròyìn tí ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ lọ, torí inú rẹ̀ ni ohùn àwọn baba wa wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀wé ló bá wọn kọ ọ́. Níbi tí òyìnbó bá ti kọ ọ́ pé ará ìlú gbà kí igbó di ti ọba, ẹ béèrè pé: ta ló sọ̀rọ̀, ta ni ògbufọ̀, àwọn wo ni wọ́n tẹ àtàǹpàkò, ǹjẹ́ àwọn tó ń dáko níbẹ̀ sì wà níjokòó?

Ọ̀rọ̀ kòkó gba sùúrù púpọ̀. Láti ọdún 1947 ni bọ́ọ̀dù kòkó, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ra kòkó, fi ń dá iye owó lé àgbẹ̀ lórí, títí wọ́n fi fagi lé e ní 1986, owó náà sì sábà máa ń kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun nígbà náà. Ìyókù di owó ìpamọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ́nù nígbà ìjọba amúnisìn. Àgbà kan lè bínú sí bọ́ọ̀dù náà, kí ó tún máa yin ìwé ọ̀fẹ́ tí owó kòkó bá wọn gbé ró. Ẹ kọ méjèèjì. Bí ìwé ìtà kòkó àtijọ́ bá wà nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ yà á ní fọ́tò tẹ̀yìn tiwájú.

Bí ìtàn bá kan ogun àwa pẹ̀lú ara wa, àti àwọn tí àwọn tiwa tà, ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò. Ìwé tó bá fi ìyẹn pamọ́ kò ní lágbára níwájú ẹni tó bá fẹ́ já a ní irọ́.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ kà á sí etí àgbà tó sọ ọ́. Ohun tó bá tún ṣe, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ẹ má ṣe pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí méjèèjì. Ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ olórí ẹbí, òmíràn lọ́wọ́ ọmọ tó wà lẹ́yìn odi, ẹ̀kẹta ní ilé ìkàwé kan tó bá gbà á.