Bí Ẹ Ṣe Lè Lọ Pàdé Àwọn Tí Ẹ Jọ Ń Kọ Wikipedia Nílẹ̀ Òkèèrè

Ní oṣù Keje ọdún 2012, níbi Wikimania, àpèjọ ọdọọdún àwọn tó ń kọ Wikipedia kárí ayé, tó wáyé ní Washington, Jimmy Wales, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Wikipedia sílẹ̀, kéde oníṣe Wikipedia tó fakọ yọ jù lọ lọ́dún náà. Orúkọ tó pè ni Demmy. Wikipedia Yorùbá ni Demmy ń kọ, ó sì ti ṣe bọ́ọ̀tì kan, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́, tó kọ àyọkà kéékèèké bíi 15,000 sínú rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ orí pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n pè, orúkọ oníṣe ni, ìyẹn èyí tó ń lò lórí Wikipedia. Bí ẹgbẹ́ orí ayélujára ṣe rí nìyẹn. A lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan fún ọdún gbọọrọ, ká mọ ibi tó ti máa ń gbàgbé àmì ohùn, ká má sì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá bàbá àgbà ni tàbí ọmọ ilé-ìwé.

Wikimania ni irú wa ti máa ń fojú rinjú. Frankfurt ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2005. Láti ìgbà náà ó ti dé Alexandria ní Íjíbítì (2008), Cape Town (2018), Singapore (2023), Katowice ní Póláńdì (2024) àti Nairobi (2025). Orí rẹ̀ ni mo gbé àlàyé yìí kà, àmọ́ ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn tó ń pàdé lókè òkun yóò rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

1. Ẹ mú èèyàn kí ẹ tó mú tíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èèyàn. Àwọn tó ń wá pọ̀ débi pé ẹ ò lè bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí àpèjọ fi ń wáyé kò sì ju díẹ̀ lọ. Ẹ kọ orúkọ oníṣe márùn-ún tàbí mẹ́fà sílẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ bọ́ọ̀tì lè wà níbẹ̀, kó fi hàn yín bí ẹ ṣe lè tún àmì ohùn ṣe nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àyọkà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń kọ ti Haúsá àti ti Ìgbò lè ti bá ìṣòro àtẹ bọ́tìnì jìjàkadì kó tó kàn yín. Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó máa ń pa àyọkà yín rẹ́!

Mo mọ̀ pé ti ìgbẹ̀yìn yìí kò wù yín. Àmọ́ òun gan-an ni èmi yóò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ìjà orí ojúewé ọ̀rọ̀, níbi tí àwọn oníṣe ti ń jíròrò, máa ń le ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹnikẹ́ni ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pé “kò lórísun” lè jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ tó kàn ń yára lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó bá ku bí oṣù kan, ẹ kọ̀wé sí wọn lórí ojúewé ọ̀rọ̀ wọn, kí ó ṣe ṣókí. Bí àpẹẹrẹ: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo fẹ àyọkà Odò Ọ̀ṣun lójú tí ẹ bá mi ṣàtúnṣe sí. Mo ń bọ̀ ní Wikimania. Ṣé a lè jókòó fún ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán?” Ẹni tó bá rí ọjọ́ àti àkókò nínú ìwé yín yóò tètè fèsì. “A ó ríra níbẹ̀” lásán kì í mú ẹnikẹ́ni rí ẹnikẹ́ni.

2. Owó

Wikimedia Foundation, àjọ tó ń bójú tó Wikipedia, máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́ láti wá: owó ọkọ̀, ibùgbé àti owó ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú àpèjọ ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń jáde, tó bá sì ti kásẹ̀ nílẹ̀, ó parí nìyẹn. Nínú fọ́ọ̀mù náà, iṣẹ́ ni kí ẹ sọ, ẹ má sọ ìṣẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe, àwọn tí ẹ ti kọ́ ní àtúnṣe, àti ohun tí ẹ ó ṣe fún àwọn ará ilé nígbà tí ẹ bá padà. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè wo gbogbo ìtàn àtúnṣe yín, nítorí náà kò sí èrè nínú kí èèyàn da àyọkà oníìlà-kan-kan jọ ní ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù jáde.

Bí wọn ò bá mú yín, ẹ wo WikiIndaba, àpèjọ ti àwa ará Áfíríkà. Ó ti wáyé ní Johannesburg (2014), Accra (2017), Tunis (2018), Àbújá (2019), Kigali (2022) àti Agadir (2023). Lójú tèmi, irú rẹ̀ ló dára jù fún ẹni tí kò rìnrìn-àjò rí. Bó bá bọ́ sí ìlú kan ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà nínú ECOWAS, bíi Accra, ọmọ Nàìjíríà, Benin tàbí Tógò kò nílò físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ọkọ̀ ilẹ̀ náà lè gbé yín láti Èkó gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu àti Lomé kọjá, bí ara yín bá lè gba àwọn ẹnubodè náà mọ́ra.

3. Físà, níbi tí orúkọ méjì ti ń di ẹjọ́

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Lórí ayélujára ẹ ní orúkọ kan, lórí pásípọ́ọ̀tù ẹ ní òmíràn. Ìwé ìpè tí àwọn olùṣètò yóò fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ pásípọ́ọ̀tù, bí wọ́n ṣe tò ó síbẹ̀ gẹ́lẹ́: orúkọ bàbá, orúkọ àbísọ, kí lẹ́tà kan má yẹ̀. Bí ẹ bá fi orúkọ oníṣe forúkọ sílẹ̀, ẹ tètè sọ fún wọn.

Ìdáàmú kejì ni pé ẹni tó jókòó sídìí físà lè má lóye ohun tí ẹ ń ṣe. Èèyàn ń kọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́, àjọ kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà sì fẹ́ san owó bàálù rẹ̀ lọ sí Póláńdì? Létí ẹni tí kò mọ̀, ó dún bí ọ̀rọ̀ gbájúẹ̀. Ẹ kọ ìwé ojú kan tó ṣàlàyé pé iṣẹ́ ìfinúfẹ́dọ̀ ni, ta ló ń san kín ni, ọjọ́ tí ẹ ó dé àti ọjọ́ tí ẹ ó padà. Ẹ fi ìwé ìpè, ìwé ìrànwọ́ owó, ìwé láti ibi iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé yín, àti àkọsílẹ̀ owó báńkì tì í. Ohun tó ń dè yín mọ́lé ni wọ́n fẹ́ rí.

Fún ilẹ̀ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, tí Póláńdì wà lára wọn, ẹ lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ tó dín sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdáhùn máa ń gba ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì lè fà dé márùndínláàádọ́ta. Ẹ nílò ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tó tó 30,000 yúrò ó kéré tán, àti pásípọ́ọ̀tù tí yóò ṣì ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá kúrò níbẹ̀. Owó físà náà kúrò ní 80 yúrò ó di 90 ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí Wikimania ti Katowice ku bí oṣù méjì. Bí wọ́n bá kọ̀, owó náà kò padà. Torí náà, ẹ má san owó bàálù tí kò ṣeé gbà padà kí físà tó jáde.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ pààrọ̀ bàálù ní pápákọ̀ kan nílẹ̀ Schengen lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn nílò físà ìkọjá, àfi tó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bíi àwọn tó ní físà Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tó gba ibẹ̀ kọjá lè wá di ọ̀wọ́n.

Òfin sì ń yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Kẹ́ńyà fagi lé físà, ó fi ìwé ìyọ̀ǹda orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní eTA rọ́pò rẹ̀. Ojú òpó ìjọba ni kí ẹ ti wo irú èyí, kì í ṣe ẹnu ẹni tó lọ ní èṣí.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló ń béèrè yẹ́lò káàdì lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì tó níyì, lẹ́yìn náà ó wà títí ayé. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, ẹ má ra káàdì lásán.

4. Ẹrù

Nairobi kì í ṣe ilẹ̀ oòrùn gbígbóná bí àwọn kan ti rò. Ìlú náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,700 mítà, oṣù Keje àti Ikẹjọ sì ni òtútù rẹ̀. Súẹ́tà ṣe pàtàkì. Ihò iná wọn rí bíi tiwa. Ti Póláńdì kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú ohun tí ẹ ó fi so ó. Bí ẹ bá ń lọ sí Yúróòpù, ẹ fi kílíṣí àti wàrà sílé, wọn kì í jẹ́ kí èrò gbé ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe wọlé láti òde. Gààrí kò sí nínú òfin yẹn. Ẹ mú àdìrẹ kan dání, kì í ṣe fún àṣehàn nìkan: nínú gbọ̀ngàn tó kún fún ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àpèjọ, “èmi ni mo wọ àdìrẹ aláró” ni àpèjúwe tó yá jù.

Ẹ tẹ ìwé ìpè àti àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì sórí bébà. Níwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè, fóònù tí kò ní dátà kò wúlò.

5. Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ oníṣe sórí káàdì àyà yín, gàdàgbà. Ẹ lè jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí Wikipedia, bí ẹ bá sọ orúkọ àbísọ yín, ojú ni wọn yóò kàn máa wò yín. Ẹ pe orúkọ oníṣe, ẹ ó rí bí ojú ẹni náà yóò ṣe tàn.

Láàárín àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà ńlẹ̀. Ẹni tí ẹ ti ń pè ní “ìwọ” láti ọdún yìí wá lè jẹ́ ìyá olọ́mọ mẹ́rin, “ẹ̀gbọ́n” tí ẹ ń fi ọ̀wọ̀ kí lè má tíì pé ogún ọdún. Ẹ fi “ẹ” bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ rí, kí àgbà tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bó bá wù ú. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tí èèyàn ń kọjá? Ìtẹríba díẹ̀ tó.

Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìbéèrè, ẹ má sì so orúkọ àbísọ ẹni mọ́ orúkọ oníṣe rẹ̀ ní gbangba. Kì í ṣe àṣejù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022 ni wọ́n mú Mark Bernstein, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ Wikipedia èdè Rọ́ṣíà, ní ìlú Minsk ní Belarus. Ṣáínà náà ti dí gbogbo Wikipedia pa láti ọdún 2019. Ẹni tó ti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó ń jẹ búrẹ́dì.

6. Ẹ kúrò nídìí tábìlì Nàìjíríà

Ibi tí ọmọ Nàìjíríà bá ti pé mẹ́rin, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ dìde mọ́. Ẹ fi ìyẹn sí alẹ́. Ní ọ̀sán, ẹ jẹun nídìí tábìlì mìíràn lójoojúmọ́. Àwọn tí èdè wọn kéré lórí ayélujára bíi tiwa ni kí ẹ wá lọ: ìṣòro wọn jọ tiwa, wọ́n sì lè ti rí ojútùú.

Ọ̀rọ̀ orí pèpéle ṣeé wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà, ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹni kò ṣeé wò. Nítorí náà, bí iṣẹ́ kan bá wà tí ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣàlàyé fún ara yín láìyanjú, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà síwájú ara yín, kí ẹnì kan máa tẹ̀ ẹ́, kí ìkejì máa wò. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí kí ẹ tó dìde.

Ní ti ààbò: ìta gbangba ni kí ẹ ti pàdé ẹni tí ẹ kò rí rí, kí ẹnì kan mọ ibi tí ẹ wà. Ìlànà ìwà kan wà tó de gbogbo ẹni tó wá, àwọn olùṣètò sì máa ń ní ẹni tí èèyàn lè fẹjọ́ sùn. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

7. Bí ẹ bá délé

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ sọ sórí ojúewé ọ̀rọ̀ tó bá kàn án. Ìpinnu tí èèyàn mẹ́ta ṣe nídìí kọfí kò tíì di ìpinnu Wikipedia Yorùbá. Àwọn tí kò rí físà gbà náà ní ohùn nínú rẹ̀, ó sì máa ń dùn wọ́n bí a bá kàn dé tí a bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan padà. Ẹni tó gba ìrànwọ́ owó yóò kọ ìjábọ̀ pẹ̀lú. Fọ́tò tí ẹ gba àyè láti yà, ẹ gbé e sórí Wikimedia Commons, ibi tí Wikipedia ń kó fọ́tò sí, kí ẹ fi í sínú ẹ̀ka Wikimania ti ọdún náà kí ẹ tó nu fóònù yín.